Kafinta Tó Fi Ojú Gun Òrùlé

Bí ẹ bá gba ọ̀nà Ìgànná wọ Ìsẹ́yìn, tí ẹ yà sí àdúgbò wa níbi tí àwọn ahunṣọ ti máa ń na òwú sílẹ̀ gbọọrọ lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbójú sókè kí ẹ wo òrùlé. Èyí tó ti pọ́n, èyí tó ṣì ń dán, èyí tí atẹ́gùn ti ká létí, púpọ̀ nínú wọn, ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló kàn wọ́n. Kàdírì ni orúkọ rẹ̀. Bí a bá fẹ́ yẹ́ ẹ sí, a ó pè é ní Bàbá Waheedat. Bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti ojoojúmọ́, Bàbá Kafinta ni.

Èmi Mùyìbátù, Ìyá Abíọ́nà, ògiri kan ló là wá láàrin. Ọkọ mi ń hun aṣọ òkè, èmi ni mo ń ká òwú fún un. Òwú kíká, ọwọ́ nìkan ló ń gbà lára ènìyàn. Ojú wà níbẹ̀, etí wà níbẹ̀, ẹnu náà kò sì lọ sí ibì kankan. Torí náà, ohun tí mo bá sọ nípa ọkùnrin yìí, kì í ṣe àgbọ́sọ.

Ṣakí ló ti kọ́ṣẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ níbẹ̀ jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ kò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó kọ́kọ́ kọ́ ọ, òòlù kọ́, ìṣó kọ́. Igbe ni. Ṣé ẹ mọ bí ilé wa ṣe rí lápá ibí: balùwẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé, ògiri yí i ká, kò lórùlé. Ẹni tó bá ń wẹ̀ á fi aṣọ kọ́ orí ògiri kí ẹni tó ń bọ̀ lè mọ̀ pé ènìyàn wà níbẹ̀. Ìyẹn tó fún ẹni tó wà nílẹ̀. Ẹni tó wà lórí òrùlé ńkọ́? Gbogbo ẹ̀yìnkùlé àdúgbò ló tẹ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀ bí ẹní. Nítorí náà, kí kafinta tó gbé ẹsẹ̀ lé àkàbà, ó gbọ́dọ̀ ké.

"Ẹ bora o! Kafinta ń gòkè o!"

Á ké e sápá ọ̀tún, á ké e sápá òsì, á wá dúró. Àwọn obìnrin á wọlé tàbí kí wọ́n fa aṣọ bora, wọ́n á dáhùn pé, "A ti bora, ẹ máa gùn ún!" Ìgbà náà ni yóò tó gòkè. Bí ó bá sì sọ̀ kalẹ̀ tán, á tún ké pé òun ti sọ̀, kí oníkálukú lè máa bá tirẹ̀ lọ. Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé ọkọ ni mo ti ń gbọ́ igbe Bàbá Kafinta. Ohùn rẹ̀ máa ń lọ jìnnà ju ti ládàánì lọ. Ọkọ mi a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Bàbá Kafinta, ẹ rọra ké o, àwọn ará Ìlérò ti ń bora."

Ìlérò náà ló wá ti ṣubú. Ó ń kan òrùlé kan níbẹ̀ ni igi tó tẹ̀ dá mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, igi tí ikán ti jẹ nínú tí kò hàn lóde. Ìgbà tí wọ́n gbé e dé, ìbàdí rẹ̀ kò ṣe é wò. Àwọn tó ń to egungun ṣe tiwọn, ilé ìwòsàn ṣe tiwọn, Ọlọ́run dá ẹ̀mí rẹ̀ sí, àmọ́ ó di ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn. Àkàbà parí. Kódà àga, bí ó bá fẹ́ mú nǹkan lórí pẹpẹ, èmi ló máa ń ké sí pé kí n wá bá òun gùn ún.

Ó wá di pé abẹ́ igi dóńgóyárò tó wà níwájú ilé rẹ̀ ni ó máa ń jókòó sí láti àárọ̀. Kì í wo ọ̀nà, kì í wo ẹni tó ń kọjá. Òrùlé ló máa ń wò.

"Bàbá Kafinta, ọrùn á kán yín o," ni mo máa ń wí fún un.

"Ìyá Abíọ́nà, ẹ ò mọ ohun tó wà lókè yẹn ni."

"Kí ló wà níbẹ̀? Ṣé kì í ṣe páànù àti ìgbẹ́ àdàbà?"

Á rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kì í pẹ́. Ó ní bí ènìyàn bá wà lókè, ilé méjì tí àwọn tó ni wọ́n ń bára wọn jà, ńṣe ni wọ́n fara ti ara wọn. Ó ní ọ̀nà tó ń sú wa í rìn, bí okùn ni ó rí láti ibẹ̀. Ó ní òun ti pẹ́ lókè débi pé bí òun ṣe wà nílẹ̀ báyìí, ó dà bí ẹni pé wọ́n ti òun mọ́nú yàrá ni. Mi ò tún ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo kàn ń ká òwú mi.

Ọdún Iléyá kan ni Waheedat, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ya fọ́tò níbi ìnáwó n'Ìbàdàn, gbé àpò dúdú kan wálé. Ó ní òun ti ní tuntun, òun mú ti àtijọ́ wá fún bàbá òun. Ohun tó yọ jáde nínú àpò náà dà bí alákàn tó na ọwọ́ mẹ́rin. Abẹ̀bẹ̀ kékeré wà lórí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, ojú kan ṣoṣo ló sì ní, ó wà lábẹ́ ikùn rẹ̀. Dúróònù ni Waheedat pè é. Ó so fóònù mọ́ rìmóòtù kan, ó gbé e fún bàbá rẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ di èyí mú. Ẹ fi àtàǹpàkò tì í sókè, díẹ̀díẹ̀."

Nǹkan náà ké. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ké bí ilé agbọ́n tí wọ́n sọ òkúta sí! Adìẹ fọ́n ká, eruku pupa dìde, ó sì gbéra nílẹ̀. Kò sáré, kò ju apá bí ẹyẹ ṣe ń jù ú, ó kàn ń lọ sókè gangan bí ohun tí wọ́n ń fi okùn fà láti ọ̀run. Ọkọ mi tó wà nídìí òfì dá ọwọ́ dúró. Nǹkan náà kọjá òrùlé. Ó kọjá igi dóńgóyárò. Ó kéré títí ó fi dà bí eṣinṣin, ó wá dúró sójú kan nínú afẹ́fẹ́, kò sì jábọ́.

"Súbúhánáláhì," ni ohun tí mo rí sọ.

Bàbá Kafinta kò tilẹ̀ wòkè. Fóònù ló ń wò. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń ṣàn sínú irùngbọ̀n rẹ̀, kò sì lè nù ún nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló wà lára rìmóòtù.

"Páànù mi nìyí," ló ń sọ. "Waheedat, páànù mi rèé. Wo ilé Baálé. Mo ti dé orí rẹ̀. Àbí mi ò tíì dé orí rẹ̀?"

"Ẹ ti débẹ̀, Bàbá mi."

"Ìyá Abíọ́nà! Ẹ wá wo ohun tó wà lókè!"

Mo bẹ̀rẹ̀, mo wò ó. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe rí i. Àdúgbò tí mo ti ń gbé láti ìgbà ìyàwó, mi ò dá a mọ̀. Òrùlé fara kan òrùlé, èyí pupa, èyí dúdú, èyí bíi fàdákà, bí ìgbà tí télọ̀ bá to aṣọ òkè pélébé-pélébé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kó tó rán wọn pọ̀. Òwú tí àwọn ọkọ wa nà sílẹ̀, tó máa ń kọ́ wa lẹ́sẹ̀ tí a fi ń ṣépè, ó di ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, funfun, aró, pupa, gbogbo wọn kọjú síbì kan náà bí ẹni tó tò sẹ́yìn lèmọ́mù. Níbi tí ilé parí sí, ọ̀dàn bẹ̀rẹ̀. Igi òrí kan níbí, igi irú kan lọ́hùn-ún, koríko láàrin wọn, ó ń lọ, ó ń lọ, títí ojú ọ̀run fi wá pàdé rẹ̀. Ọ̀nà Ìgànná là á kọjá bí okùn pupa tí ẹnì kan gbàgbé síbẹ̀.

Mo wá rí obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi kan, bíńtín, tó bẹ̀rẹ̀, tó gbé òwú dání.

"Ta nìyẹn?"

"Ẹ̀yin ni, Ìyá Abíọ́nà," Waheedat ní.

Mo gbé ọwọ́ sókè. Obìnrin náà gbé ọwọ́ sókè. Ara mi bù máṣọ. Mo rò ó nínú ara mi pé ṣé bí a ṣe ń rí lójú Ẹlẹ́dàá nìyí, kékeré báyìí, tí a ń ká òwú, tí a ń pariwo?

Láti ọjọ́ náà, bí a bá ti kírun Àlásárì tán, Bàbá Kafinta á gbé nǹkan rẹ̀ sókè títí di kété ṣáájú Màgàríbà. Àwa ò tiẹ̀ pè é ní dúróònù mọ́, Ẹyẹ Kafinta ni. Òrùlé nìkan ló máa ń wò. Ó ń lọ láti orí ilé dé orí ilé bí ìgbà tó ń fi ẹsẹ̀ gùn wọ́n, á wá rán mi sí ènìyàn: ẹ sọ fún Bàbá Ìyápọ̀, Baálé wa, pé ìṣó ti tú nígun òrùlé wọn, ẹ sọ fún Ìyá Elépo pé ewé ti dí ọ̀nà omi wọn. Inú àwọn èèyàn dùn, nítorí òjò ń bọ̀. Ojú rẹ̀ sì tún mọ́lẹ̀. Ó ń kọrin. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí páànù tí kì í ṣe òun ló kàn án, ẹ rí i pé ara rẹ̀ ti yá nìyẹn.

Òrùlé ló ń wò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òrùlé.

Èmi ló kọ́kọ́ kàn. Ooru mú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo wọ balùwẹ̀, mo ti fi ọṣẹ dúdú bo orí àti ojú, ni mo gbọ́ ìró agbọ́n. Mo rò pé agbọ́n gan-an ni. Mo bu omi, mo dà á sókè láti fi lé wọn, gbogbo omi náà padà bọ́ sí mi lójú tòun ti ọṣẹ. Ìgbà tí mo máa lajú, Ẹyẹ Kafinta ló ń kọjá lókè mi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń lọ kí àna rẹ̀.

Mo fi igbe ta: "Bàbá Kafinta! Ṣé èmi náà ń jò ni?"

Láti òdìkejì ògiri, mo gbọ́ ohùn rẹ̀: "Ẹ dákun, Ìyá Abíọ́nà! Mi ò rí nǹkan kan! Páànù Ìyá Elépo ni mò ń bá lọ!"

"Ẹ bá a gba ibòmíràn lọ!"

Mo rẹ́rìn-ín sí i nígbà tó yá. Ọkọ mi ò rẹ́rìn-ín. Ó ní bí ó bá jẹ́ pé ọkùnrin fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró lórí ògiri wa ńkọ́, ṣé mo máa rẹ́rìn-ín? Mo ní Bàbá Kafinta kì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ò bá mi sọ irú ẹni tó jẹ́.

Ó wá kan Fàòsíyà, ìyàwó Àáfà Samsudeen tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú. Fàòsíyà kì í ṣe èmi. Ọmọ Ìgànná ni, eléhàá ni. Bí ó bá jáde, ẹyinjú rẹ̀ nìkan lẹ máa rí. Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ nìkan ni ibi tó ti ń ṣí orí lábẹ́ ọ̀run. Ibẹ̀ ló ti ń sá láfún, ibẹ̀ ló ti ń jẹ́ kí oòrùn kan òun lára, Àáfà sì mọ ògiri rẹ̀ ga ju ti ẹnikẹ́ni lọ nítorí rẹ̀. Ó tú irun sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ń yà á, ni nǹkan náà dé tó dúró sókè orí rẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo orí, ó sá wọlé.

Kò jáde sẹ́yìnkùlé mọ́. Láfún rẹ̀ bu. Ìgbà tí mo lọ kí i, inú yàrá ni mo bá a, ó ti fèrèsé mọ́ra, òógùn bò ó.

"Ìyá mi," ó ní, "àwọn ọkùnrin ló ni títì. Mo fi í sílẹ̀ fún wọn. Ẹ̀yìnkùlé yìí ni mo ní. Ibo ló wá kù?"

Mo fi etí ìborùn mi nu òógùn ojú rẹ̀.

Àáfà gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ Baálé. Wọ́n pe gbogbo wa lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Àwọn ọkùnrin jókòó lórí ẹní níwájú ilé, àwa obìnrin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, Fàòsíyà wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́yìn aṣọ tí wọ́n ta sẹ́nu ọ̀nà. Àáfà kò pariwo. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀.

"Baálé, kí nǹkan yẹn kúrò ládùúgbò yìí. Bí kò bá kúrò, èmi àti ìdílé mi á kúrò."

Gbogbo ojú bá yí sí Bàbá Kafinta. Ó jókòó sórí àga nítorí ìbàdí rẹ̀, àpò dúdú náà wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú bí ẹni gbé ọmọ.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ó ní, "wọ́n gba àkàbà lọ́wọ́ mi, mo ní Ọlọ́run ló ṣe é. Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, mo ní kò burú. Èyí, ẹ má gbà á. Bí ẹ bá gba èyí, abẹ́ igi yẹn náà ni mo máa wà tí wọ́n á fi wá gbé mi. Obìnrin kọ́ ni mò ń wò. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí mò ń wò hàn yín."

Ó mú fóònù jáde, ó tẹ̀ ẹ́, fídíò bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó jókòó jìnnà dìde, àwọn tó dìde tún súnmọ́ ọn. Ẹ ò rí i bí ojú àwọn àgbàlagbà ṣe di ojú ọmọdé! Baálé, tí irun rẹ̀ ti funfun tán, na ìka sí i.

"Ilé ta nìyí?"

"Tiyín ni, Baálé."

"Èmi ni mo ni gbogbo èyí?"

"Ẹ̀yin lẹ ni ín. Ẹ wo ibi tí mo ti fi páànù tuntun lẹ̀ ẹ́ lọ́dún tí ìjì jà."

"Lá ìláhà ìlà láhù," Baálé ní, ó sì tún jókòó wẹ́rẹ́.

Inú Bàbá Kafinta ti ń dùn. Ó ń sọ ti ìṣó, ó ń sọ ti igi, ó ti gbàgbé pé ẹjọ́ ni wọ́n ń bá òun ṣe. Àwòrán ń lọ láti òrùlé dé òrùlé. "Àáfà, ẹ wá wo tiyín, ẹ wo bí igun yẹn ṣe dúró, ìjì kankan ò lè..." Ẹyẹ náà sì kọjá igun tó ń sọ. Ẹ̀yìnkùlé yọ. Láfún wà níbẹ̀ lórí ẹní, ó funfun. Ẹnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kékeré bí èso ẹ̀wà, irun rẹ̀ tú sílẹ̀ lórí èjìká.

Kò sí ẹni tó lè rí ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ àgbàlá tó jẹ́.

Àáfà na ọwọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo fóònù náà. Gbogbo ọkùnrin tó wà níbẹ̀ wo ilẹ̀.

"Mi ò rí i," Bàbá Kafinta ní. "Wàláhì, mo ti wo fídíò yìí láìmọye ìgbà. Mi ò rí i rí. Igun òrùlé ni mo ń wò."

Òótọ́ ló sọ. Mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Òótọ́ náà kò sì ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ lójú ibẹ̀.

Ni a bá gbọ́ ohùn láti ẹ̀yìn aṣọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ohùn kékeré.

"Bàbá Kafinta."

"Ìyàwó Àáfà, mò ń gbọ́."

"Ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé ọkọ, òjò ń jò sí yàrá wa, ẹ wá tún un ṣe. Ẹ rántí?"

"Mo rántí."

"Mo wà lẹ́yìnkùlé. Mi ò tíì mọ ẹnikẹ́ni. Mo gbọ́ ohùn kan tó ní ẹ bora o, kafinta ń gòkè o. Mo wọlé, ẹ gòkè. Ẹ parí iṣẹ́, ẹ tún ké pé ẹ ti sọ̀, mo jáde. Ìgbà tí mo délé n'Ìgànná, mo sọ fún ìyá mi pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé níbi tí mo wà, ẹni tó wà lórí òrùlé gan-an mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Kí ló dé tí ẹ ò ké mọ́, Bàbá?"

Mo ti mọ Bàbá Kafinta tipẹ́. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé láti Ìlérò, tí egungun rẹ̀ ti kúrò ní àyè rẹ̀. Ojú rẹ̀ ò rí bó ṣe rí lọ́sàn-án ọjọ́ yìí. Ó wo aṣọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Ó wo ọ̀pá rẹ̀. Ó wá wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ méjèèjì tó wà lórí ilẹ̀ nínú bàtà, ó wò wọ́n pẹ́.

"Ìyàwó Àáfà," ó ní, "ẹsẹ̀ mi wà nílẹ̀. Mi ò mọ̀ pé mo ti gòkè."

Ó dìde, ó gbé àpò dúdú náà síwájú Baálé kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé kó gbé e síbẹ̀. Ó sì fi ọ̀pá rẹ̀ rìn lọ sílé.

Àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, abẹ́ igi dóńgóyárò náà ló wà. Àmọ́ kò wo òrùlé mọ́. Ilẹ̀ ló ń wò. Mo bá a sọ̀rọ̀, ó dáhùn. Mo ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní, "Ẹ ṣeun." Ṣé ẹ mọ bó ṣe ń dun ènìyàn tó, kí ó ṣe yẹ̀yẹ́ kí wọ́n ní ẹ ṣeun?

Mo bá gba ọ̀dọ̀ Fàòsíyà lọ. Mo bá a lẹ́yìnkùlé, ó ti ṣí orí, ó ń tẹ́ láfún tuntun sí oòrùn, ara rẹ̀ balẹ̀. Inú mi dùn, inú mi ò sì dùn.

"Ẹyẹ náà ńkọ́, Ìyá mi?"

"Ọ̀dọ̀ Baálé ló wà."

Ó dá ọwọ́ dúró. "Kí ló ń ṣe níbẹ̀?"

"Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ní kó má gòkè mọ́ ni?"

"Èmi? Ìyá Abíọ́nà, ẹ wà níbẹ̀, etí yín kì í sì í ṣe etí adití. Ìgbà wo ni mo ní kó má gòkè? Mo bi í pé kí ló dé tí kò ké ni!"

Kí a má fa ọ̀rọ̀ gùn, ohun tí Fàòsíyà bá ọkọ rẹ̀ sọ nínú ilé, mi ò sí níbẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé Àáfà Samsudeen fúnra rẹ̀ lọ gba àpò náà lọ́wọ́ Baálé, ó sì gbé e wá sábẹ́ igi dóńgóyárò. Bàbá Kafinta fẹ́ dìde, Àáfà ní kó jókòó. Lójú Àáfà, Bàbá Kafinta pa fídíò ọjọ́ yẹn rẹ́, èmi ni mo pe Waheedat lórí fóònù tèmi pé kó ṣàlàyé ibi tí wọ́n máa tẹ̀. Wọ́n sì jọ sọ ọ́ pé kò ní dúró lókè ẹ̀yìnkùlé ẹnikẹ́ni.

"Ìyókù," Àáfà ní, "àwọn ará ilé mi ní kí ẹ máa ké."

Bí a ṣe kírun Àlásárì tán, Bàbá Kafinta dìde dúró. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ ti igi. Ó fi ọwọ́ kan di igi mú, ó mí, ó sì la ẹnu. Ohùn náà kọ́kọ́ ha, ó ti pẹ́ tó ti lò ó. Ó húkọ́. Ó tún un gbé.

"Ẹ bora o! Kafinta ń gòkè o!"

Ọkọ mi mú ọwọ́ kúrò lára òfì. Gbogbo òfì tó ń dún ládùúgbò dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ké e sápá ọ̀tún, ó ké e sápá òsì, ohùn náà sì gun òrùlé kan lọ bọ́ sí òmíràn bí ó ṣe ń ṣe nígbà tí àwa ṣì kéré lọ́jọ́ orí. Ìdáhùn bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti ẹ̀yìnkùlé sí ẹ̀yìnkùlé. "A ti bora o!" "Ẹ máa gùn ún!" Obìnrin kan tilẹ̀ ń sunkún bó ṣe ń dáhùn, mo gbọ́ ọ.

Èmi náà dáhùn: "Ẹ dúró o, ọṣẹ wà lójú mi!"

"Ìyá Abíọ́nà, mò ń wò yín níbẹ̀ yẹn, ẹ̀ ń ká òwú!"

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín gidi.

Síbẹ̀ kò tíì fi ọwọ́ kan rìmóòtù. Ó ń dúró. Gbogbo wa mọ ẹni tó ń dúró dè. Fàòsíyà kì í gbóhùn sókè kí títì gbọ́. Ó pẹ́ díẹ̀, a wá gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ògiri gíga yẹn: ṣíbí lára abọ́ tánganran, kó, kó, kó.

Bàbá Kafinta fi àtàǹpàkò tì í sókè.

Ẹyẹ náà gbéra, ó kọjá páànù, ó kọjá igi, ó dúró sínú oòrùn ìrọ̀lẹ́. Fàòsíyà gba ẹnu ọ̀nà iwájú jáde nínú hìjáábù àti níkàábù rẹ̀, Àáfà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá Kafinta na rìmóòtù náà jìnnà sí ara rẹ̀ kí Fàòsíyà lè rí fóònù, ó sì yí ojú tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èmi ti bẹ̀rẹ̀ sídìí fóònù náà kí ẹnikẹ́ni tó pè mí.

Òrùlé ni, òrùlé ni, títí lọ. Òwú tò sílẹ̀ láìsí ẹnì kan nídìí rẹ̀. Gbogbo ẹ̀yìnkùlé ṣófo. Ìkòkò wà lórí iná, aṣọ wà lórí okùn, láfún Fàòsíyà funfun lórí ẹní rẹ̀, kò sì sí ènìyàn kankan, bí ìlú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá tí wọn ò tíì kó ẹnikẹ́ni sí.

"Àwọn èèyàn dà?" Fàòsíyà béèrè, ohùn rẹ̀ ò ju èémí lọ.

"Abẹ́ páànù," Bàbá Kafinta ní. Kò yíjú. "Gbogbo wọn wà lábẹ́ páànù."

Páànù tirẹ̀ ni. Mo wo ọwọ́ rẹ̀ tó na rìmóòtù náà, àpá òòlù wà lára ìka rẹ̀. Fàòsíyà ti rí ọ̀nà pupa tó la ọ̀dàn kọjá, ó sì ń fi ojú tẹ̀ lé e, láti igi òrí dé igi irú, lọ síhà ilé ìyá rẹ̀, títí ó fi wọnú ọ̀run.